Ọjọ́ ìbí kì í fagi lé àṣẹ ilé ẹjọ́: ẹjọ́ owó ìtọ́jú ọmọ kan n'Ìbàdàn

Ọ̀rọ̀ tó gbé obìnrin náà wá sí ọ́fíìsì wa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 kò ju ìlà mẹ́ta lọ lórí WhatsApp. Ó na fóònù sí mi, mo kà á: “Ọmọ ti pé ọdún 18, ó ti di àgbà. Òfin sọ pé ibẹ̀ ni ojúṣe mi parí. Láti oṣù tó ń bọ̀, ti àbúrò rẹ̀ nìkan ni màá máa san.” Bàbá àwọn ọmọ rẹ̀ ló kọ ọ́, ní ìparí oṣù kẹta ọdún 2022, nígbà tí àkọ́bí wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 18.

“Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́ mà,” ló wí, “ṣé lóòótọ́ ni òfin sọ bẹ́ẹ̀? Tó bá jẹ́ òótọ́ ni, ẹ sọ fún mi, kí n gbà fún Ọlọ́run kí n padà sí ṣọ́ọ̀bù mi.”

Ìbéèrè yẹn dùn mí. Ọdún kan àbọ̀ gbáko ló fi gba ìlà mẹ́ta yẹn gbọ́ kó tó rí ẹni bi. Mo mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Kò sí oṣù kan tí n kì í gbọ́ ọ “ọdún 18” yìí lẹ́nu ìyá, lẹ́nu bàbá, àní lẹ́nu àwọn tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìtàn ẹjọ́ yìí sílẹ̀. Ìyá àti bàbá ọmọ ló yọ̀ǹda fún mi. N kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì yí àwọn nǹkan kéékèèké kan padà kí a má baà dá wọn mọ̀, ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rìn lábẹ́ òfin, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe kọ ọ́.

Rẹ́jísìrì ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, ní ọdún 2002. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ rẹ́jísìrì yìí sọ́kàn, torí orí rẹ̀ ni gbogbo ẹjọ́ yìí dúró lé. Wọ́n bí ọmọ méjì: obìnrin ní oṣù kẹta ọdún 2004, ọkùnrin ní oṣù kẹwàá ọdún 2009. Ní ìparí ọdún 2014, ilé ẹjọ́ gíga tú ìgbéyàwó náà ká, ó sì fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá wọn. Nínú ìdájọ́, adájọ́ pàṣẹ pé kí bàbá máa san ₦70,000 lóṣooṣù “fún ìtọ́jú àwọn ọmọ méjèèjì”, kó sì máa san owó ilé ẹ̀kọ́ wọn. Kò sọ pé ₦35,000 ni ti ọmọ kọ̀ọ̀kan. Kò sì dá ọjọ́ tí owó náà máa dópin.

Mo bèèrè bóyá ó ní àkọsílẹ̀ owó tó ti gbà. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó mú ìwé ìkọ̀wé ọmọ iléèwé kan jáde, èyí tó fi bébà kàléńdà àtijọ́ dì lẹ́yìn. Ó ti fi rúlà fa ìlà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan: ọjọ́ lápá òsì, iye owó láàárín, lápá ọ̀tún ni ó ti kọ “ó wọlé”. Oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015 ló fi bẹ̀rẹ̀. Mo ń ṣí i, mo ń kà á. “Ó wọlé.” “Ó wọlé.” “Ó wọlé, ó pẹ́.” Ní ọdún 2020, nígbà tí kòrónà ti gbogbo ọ̀nà pa, “ó wọlé” náà ló ṣì wà níbẹ̀. Mo kà á dé oṣù kẹta ọdún 2022: ìgbà 87, oṣù kan kò fò. Láti oṣù kẹrin ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ohun tó kọ síwájú ₦35,000 ni “ìdajì”, ó sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún oṣù 18.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe òfin rárá. Mo bi ara mi pé, kí ló ṣe ọkùnrin tó san owó yìí ní ìgbà 87 láìsí pé ẹnikẹ́ni fi ọlọ́pàá lé e? Mo kọ ọ́ sí etí fáìlì, mo fi àmì ìbéèrè sí i.

Ibi tí ọdún 18 ti wá

Kì í ṣe pé bàbá yìí ń purọ́. Nǹkan púpọ̀ ni ọdún 18 ń ṣí sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Òun ni ọjọ́ orí tí èèyàn fi ń gba káàdì ìdìbò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, ní abala 277, sọ pé ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ti sọ òfin yẹn di tiwọn, títí kan àwọn ìpínlẹ̀ wa nílẹ̀ Yorùbá. Abala 14 inú òfin kan náà sọ pé gbogbo ọmọdé ló ní ẹ̀tọ́ kí òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ máa gbọ́ bùkátà rẹ̀ bí agbára wọn bá ṣe mọ, àti pé ọmọ náà lè gba kóòtù ìdílé lọ láti bèèrè ẹ̀tọ́ yìí. Ẹni tó bá ka abala méjèèjì pọ̀, tí kò sì ka ìwé òfin mìíràn, yóò sọ pé ní ọdún 18, ó parí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ òkè òkun tún wọ̀ ọ́. Bàbá náà ní àbúrò kan ní Manchester, ó sì ní ọ̀rẹ́ kan ní Houston. Àbúrò sọ fún un pé lọ́dọ̀ tàwọn, tí ọmọ bá ti parí sẹ́kọ́ńdírì, ìjọba kì í bá èèyàn gba owó mọ́. Ọ̀rẹ́ ní ọdún 18 ni. Kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Ní Britain, àjọ ìjọba tó ń gba owó ìtọ́jú ọmọ ń gbà á títí ọmọ yóò fi pé ọdún 16, ó sì lè dé ọdún 20 tí ọmọ bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ tí kò kọjá A-level. Yunifásítì kò sí nínú rẹ̀. Ní Texas, ọdún 18 ni, tàbí ọjọ́ tó bá parí ilé ẹ̀kọ́ gíríámà, èyí tó bá kẹ́yìn. Ká ní New York ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń gbé, ọdún 21 ni ìbá sọ fún un. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà. Bàbá yìí bèèrè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà ìlú tiwọn ni àwọn tó bi mọ̀.

Ìwé òfin tó kan ìgbéyàwó tirẹ̀ ni òfin ìgbéyàwó àti ìkọ̀sílẹ̀ ti ọdún 1970, tí àwa amòfin ń pè ní Matrimonial Causes Act. Ìgbéyàwó tí a ṣe lábẹ́ òfin ìjọba ni òfin yẹn wà fún, ní rẹ́jísìrì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní ìwé àṣẹ. Abala 70 rẹ̀ ló sọ̀rọ̀ owó ìtọ́jú, ẹsẹ kẹrin abala yẹn ló sì sọ ibi tí agbára ilé ẹjọ́ dé lórí ti ọmọ. Ohun tó sọ nìyí, bí mo ṣe lè túmọ̀ rẹ̀: ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ pàṣẹ owó ìtọ́jú fún ọmọ tó ti pé ọdún 21, àfi tí ilé ẹjọ́ bá rí i pé ìdí pàtàkì kan wà tó fi yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà.

Ọdún 21. Kò sí 18 níbẹ̀ rárá.

Mo ka abala yẹn fún ìyá yìí lẹ́ẹ̀mejì, ní Gẹ̀ẹ́sì tó wà nínú ìwé, kí n tó sọ ọ́ ní Yorùbá. Ó ní kí n jẹ́ kí òun rí i. Mo yí ìwé náà sí i, ó sì fi ìka sí ibi tí wọ́n ti kọ ọdún 21 sílẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, “Ọdún kan àbọ̀ ni mo ti ń yá owó àjọ.”

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí ẹnikẹ́ni má baà gbé ìwé mi lọ sí ibi tí kò yẹ. Abala 69 inú òfin yẹn yọ ìgbéyàwó ìbílẹ̀ àti ti ìlànà mùsùlùmí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ gbé ìdáná nìkan, tí ẹ kò dé rẹ́jísìrì, ọ̀nà kóòtù ìbílẹ̀ àti kóòtù ìdílé ni tiyín, ọdún 18 inú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sì ni ẹ máa bá pàdé jù níbẹ̀. Ní ìlànà mùsùlùmí bí màsíhábù Málíkì, ọ̀nà ìtumọ̀ òfin ẹ̀sìn tí a ń tẹ̀ lé nílẹ̀ wa, ṣe là á sílẹ̀, bàbá ń bọ́ ọmọkùnrin títí tó fi bàlágà tó sì lè ṣiṣẹ́ jẹun, ó ń bọ́ ọmọbìnrin títí tó fi wọlé ọkọ. Ọ̀rọ̀ tó tóbi ni ìyẹn, ó tó kọ lọ́tọ̀. Ti àwọn méjì yìí, rẹ́jísìrì ni.

Ohun kejì tó wà nínú ìlà mẹ́ta yẹn

Ká tiẹ̀ ní ọdún 18 ni òfin sọ, ohun tí bàbá ṣe kò bá ọ̀nà mu síbẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹni tó ń kà mí gbé lọ́wọ́ lọ.

Àṣẹ ilé ẹjọ́ kì í ka ọjọ́ ìbí. Ọmọ lè pé 18, ó lè pé 21, ó lè lọ sí ilé ọkọ. Tí ìwé ìdájọ́ kò bá ti dá ọjọ́ tí owó máa dúró, owó náà ń lọ títí adájọ́ yóò fi sọ pé ó tó. Abala 73 inú òfin kan náà fún ilé ẹjọ́ lágbára láti fagi lé àṣẹ owó ìtọ́jú, láti dá a dúró fún ìgbà kan, láti mú un ṣiṣẹ́ padà, láti dín in kù tàbí láti fi kún un. Ilé ẹjọ́ ni a fún lágbára yẹn. A kò fún ẹni tó ń sanwó, a kò sì fún ẹni tó ń gbà á. Ẹni tó bá rò pé àsìkò ti tó yóò kọ ìwé sílé ẹjọ́, yóò sọ ìdí rẹ̀, yóò sì máa san bó ṣe ń san títí di ọjọ́ tí adájọ́ bá fún un lésì.

Ti pípín sí méjì tún wà níbẹ̀. ₦70,000 tí adájọ́ pa láṣẹ jẹ́ owó kan ṣoṣo fún ọmọ méjì. Bàbá fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé e sí ọgbọọgba, bí ẹni gé búrẹ́dì. Ta ló sọ pé ìdajì ni ti àbúrò? Ọmọ tó wà ní sẹ́kọ́ńdírì lè máa jẹ owó ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Adájọ́ nìkan ló lè tún un pín.

Nítorí náà, gbogbo “ìdajì” inú ìwé yẹn ti di gbèsè. A ṣe ìṣirò rẹ̀ lórí tábìlì mi: oṣù 18, ₦35,000 lóṣù, ₦630,000. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí ìyá ti dá san fún ọmọbìnrin náà lẹ́ẹ̀mejì jẹ́ ₦184,000. Rìsíìtì Remita méjèèjì wà lẹ́yìn ìwé náà, ó fi abẹ́rẹ́ gún wọn pọ̀. Lápapọ̀, ₦814,000.

Mo kọ lẹ́tà sí bàbá kí n tó gbé ẹjọ́ lọ. Ó dáhùn nípasẹ̀ amòfin kan tó jẹ́ ọ̀gá mi nínú iṣẹ́. Ó tún mú ọ̀rọ̀ ọdún 18 wá, ó sì fi ọ̀kan kún un: ó ní ọmọ náà kò sí nílé ẹ̀kọ́ nígbà tí òun dáwọ́ dúró, iṣẹ́ ló ń ṣe, òun sì rí fọ́tò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí bí mi nínú díẹ̀, mo jẹ́wọ́. Ọmọ náà ti wọ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ kan ní ọdún 2021, ó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀kọ́ ọlọ́dún márùn-ún. Ó wà ní ọdún àkọ́kọ́ nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ASUU, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 2022. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ni wọ́n tó dá a dúró. Oṣù mẹ́jọ gbáko! Àárín rẹ̀ ni ọmọ yìí pé ọdún 18. Níbo ni kí ó wà? Ó wà ní ọjà aṣọ Gbági, ní ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, ó ń bá a wọn ankara. Ó ya ara rẹ̀ ní fọ́tò níbi tó ti ń ká aṣọ, ó gbé e sí status. Fọ́tò yẹn ni bàbá rí. Mo béèrè lọ́wọ́ ọmọ náà iye tí ìyá rẹ̀ ń san fún un. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Mà, owó ọkọ̀ ni.”

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 a gbé e lọ sílé ẹjọ́ tó pàṣẹ àkọ́kọ́. Ohun méjì la bèèrè: kí bàbá san owó tó ti jẹ sílẹ̀, kí ilé ẹjọ́ sì ṣàlàyé ìgbà tí ti ọmọ kọ̀ọ̀kan máa dópin. Ọ̀nà wà láti fi tipátipá gba irú owó bẹ́ẹ̀. Ilé ẹjọ́ lè pàṣẹ fún báǹkì rẹ̀ pé kó yọ ọ́ nínú àkáǹtì, ó sì lè pe òun fúnra rẹ̀ wá sọ ìdí tí kò fi san. A kò kọ́kọ́ mú ìyẹn lò. Àmì ìbéèrè tí mo fi sí etí fáìlì ni kò jẹ́ kí n fẹ́ mú un lò.

Ohun tó wà nínú àfidáfíìtì

Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó bá délé ẹjọ́, ẹgbẹ́ méjèèjì ní láti fi ohun tó ń wọlé fún wọn hàn. Abala 70 sọ ọ́ kedere pé adájọ́ yóò wo ohun ìní àwọn méjèèjì, agbára wọn láti rí owó, ìwà wọn, àti gbogbo ohun mìíràn tó bá kan ọ̀rọ̀ náà. Bàbá búra sínú ìwé tí à ń pè ní àfidáfíìtì, ó sì so sítétímẹ́ǹtì àkáǹtì rẹ̀ mọ́ ọn.

Mo ka sítétímẹ́ǹtì náà ní alẹ́ ọjọ́ kan nílé. Owó oṣù tó máa ń wọlé ní ọjọ́ 25 dúró ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022. Lẹ́yìn ìyẹn, owó kan ṣoṣo tó pọ̀ díẹ̀ wọlé, owó ìdágbére ibi iṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lọ́dọ̀ ẹnì kan, ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ní oṣù kejì àti oṣù kẹta, ₦70,000 ṣì jáde lọ sọ́dọ̀ ìyá àwọn ọmọ. Lẹ́yìn tó san ti oṣù kẹta yẹn, ohun tó kù sí àkáǹtì kò tó ẹgbẹ̀rún méje.

Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó san owó oṣù méjì nínú owó tí wọ́n fi lé e jáde, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí kò lè san mọ́, ó wá ọ̀rọ̀ tí kò ní dójú tì í. “Òfin ti dá mi sílẹ̀” rọrùn lẹ́nu ọkùnrin ju “iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi” lọ.

Ohun tó dùn mí jù nínú gbogbo ẹjọ́ yìí ni pé òótọ́ yẹn gan-an ni òfin ń fẹ́ gbọ́. Ká ní ó mú lẹ́tà ìdádúró iṣẹ́ wá sílé ẹjọ́ ní oṣù kejì ọdún 2022, ìbá ní ẹjọ́ tó lè rò kí adájọ́ dín owó náà kù fún un tàbí kó dá a dúró títí yóò fi ríṣẹ́. Gbèsè kankan kò ní gorí ara wọn. Ìyá náà ìbá sì ti mọ ohun tó ń lọ, kò ní máa ro pé bàbá ti ta ọmọ nù. Ọ̀nà tó tọ́ wà ní ṣíṣí sílẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n ti ọdún 18 ló yàn.

Mo sọ fún ìyá. Mo rò pé inú máa bí i, kò bí i. Ó ní, “Ó san ti oṣù kejì àti ìkẹta?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní òun mọ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í há sí ọmọ.

Adájọ́ rán wa lọ sí ìlàjà. A jókòó lẹ́ẹ̀mẹta, ìjókòó ìkẹyìn sì bọ́ sí oṣù kẹfà ọdún 2024. Nígbà yẹn bàbá ti ń ṣe iṣẹ́ mìíràn, owó rẹ̀ kò tó ti àtijọ́. Ẹjọ́ ti pẹ́ nílẹ̀, “ìdajì” sì ti di oṣù 27: ₦945,000, pẹ̀lú ₦184,000 owó ilé ẹ̀kọ́, ₦1,129,000.

Níbi ìjókòó kejì, bàbá mú ọ̀rọ̀ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ ìjọba wá, NELFUND, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ojú òpó rẹ̀ fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba àpapọ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún ọdún 2024. Ó ní kí ọmọ lọ gbà á, kí òun sinmi. Mo dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀: “Ẹ̀gbọ́n, gbèsè ni ẹ̀yáwó. Ọmọ ló máa san án. Ojúṣe yín lẹ fẹ́ gbé lé e lórí yẹn.” Ó mi orí, kò tún mẹ́nu bà á mọ́. N kò bá ẹ̀yáwó náà jà o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti ràn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kò yọ òbí tí ilé ẹjọ́ ti pàṣẹ fún kúrò nínú ojúṣe rẹ̀.

Ibi tó le jù ni ti ọdún 21. Ọmọbìnrin náà yóò pé ọdún 21 ní oṣù kẹta ọdún 2025. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó yẹ kó parí ní ọdún 2026 ti di 2027 nítorí oṣù mẹ́jọ ìyanṣẹ́lódì yẹn àti kàléńdà tó dàrú lẹ́yìn rẹ̀. Ọdún méjì àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni yóò wà láàárín. Ṣé “ìdí pàtàkì” nìyẹn? Òfin kò ka àwọn ìdí náà sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Adájọ́ ló máa wo ti ọmọ kọ̀ọ̀kan: àìsàn tí kò jẹ́ kí ọmọ lè dá dúró, àbùkù ara, ẹ̀kọ́ tí kò tíì parí. Èmi ti múra láti rò ó fún adájọ́ pé ọmọ yìí kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìdádúró kankan, àti pé abala 71 ní kí ilé ẹjọ́ fi ire ọmọ ṣáájú ohun gbogbo, títí kan ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi ní òdìkejì náà ti múra láti sọ pé tí a bá ní gbogbo ọmọ yunifásítì ní ìdí pàtàkì, a ti fi ọ̀bẹ gé ọdún 21 kúrò nínú ìwé nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tó ní láárí ni, n kò lè sọ pé mo mọ ẹni tí ìbá borí.

Bàbá ló gbà wá sílẹ̀. Ó béèrè pé, “Ọdún wo lẹ ní yóò parí?” A ní 2027. Ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi.”

Ohun tí wọ́n kọ sínú àdéhùn, tí adájọ́ sì fọwọ́ sí tó fi di àṣẹ, nìyí. Ìyá dárí ₦129,000 jì í nínú gbèsè. Ó ní ti àwọn oṣù tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ nìyẹn. Ó ku mílíọ̀nù kan. Bàbá san ₦280,000 lójú ẹsẹ̀, yóò sì máa fi ₦30,000 lóṣooṣù san ìyókù fún oṣù 24. Ti ìtọ́jú, ₦30,000 lóṣooṣù fún obìnrin, ₦35,000 fún ọkùnrin, a kọ wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Owó ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì di tirẹ̀ padà, tààrà sí ojú òpó ilé ẹ̀kọ́ ni yóò ti máa san án, kí ó sì fi rìsíìtì ránṣẹ́.

Àwọn kan máa wo ₦65,000 yìí, wọ́n á ní ó ti dín ju ti 2014 lọ. Ó dín lóòótọ́, kódà ó dín ju bó ṣe hàn lójú. Ní ọdún 2014 dọ́là kan kò tó ₦200. Ní àárín ọdún 2024 ó ti lé ní ₦1,400. Mo sọ fún ìyá pé abala 73 tó jẹ́ kí bàbá lè bẹ̀bẹ̀ kí owó dín kù, òun kan náà ló jẹ́ kí òun lè bẹ̀bẹ̀ kó pọ̀ sí i, tí ọwọ́ bàbá bá tún gòkè. Ó ní òun gbọ́. Ó ní kí òun kọ́kọ́ máa rí èyí ná.

Ẹsẹ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ nínú àdéhùn náà ni ti òpin. Mo kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin kí ọ̀gá mi tó gbà á. Ti ọmọbìnrin yóò dópin ní ọjọ́ tó bá ṣe ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, tàbí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 2027, èyí tó bá kọ́kọ́ dé. Ti ọmọkùnrin yóò dópin ní ọjọ́ tó bá pé ọdún 21, ní oṣù kẹwàá ọdún 2030. Tó bá ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ nígbà náà, ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ kó tẹ̀síwájú yóò padà wá sílé ẹjọ́ kí ọjọ́ yẹn tó pé. Tí owó tó ń wọlé fún bàbá bá dáwọ́ dúró, yóò sọ ọ́ fún ìyá ní ìwé láàárín ọjọ́ 14, yóò sì gba ilé ẹjọ́ lọ. Kò gbọdọ̀ dá a gé mọ́.

Gbogbo òbí tó bá wá sọ́dọ̀ mi báyìí pẹ̀lú ìwé ìdájọ́ àtijọ́, ohun àkọ́kọ́ tí mo ń wá nínú rẹ̀ ni ọjọ́ òpin. Ó máa ń ṣọ̀wọ́n kí n tó rí i. Mo máa ń bi wọ́n pé, ọmọ mélòó ni owó yìí wà fún, kí ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan, ọjọ́ wo ló máa dúró? Wọ́n á máa wo ojú mi. Tí ẹ bá wà lẹ́nu ìkọ̀sílẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ní kí amòfin yín bèèrè ohun mẹ́ta yìí lọ́wọ́ adájọ́ ní ọjọ́ ìdájọ́ gan-an. Ìwé kan ni yóò gbà. Bàbá yìí àti ìyá yìí lo ọdún méjì lórí ohun tí ìlà kan nínú ìdájọ́ ọdún 2014 ìbá ti parí.

Ìyá náà wá kí mi ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ó gbé aṣọ ankara kan wá tí mo kọ̀ tó sì fi sílẹ̀ sórí àga. Ó ti ra ìwé ìkọ̀wé tuntun. Kò tíì dì í lẹ́yìn. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ní òpó mẹ́ta tó fi rúlà fà, ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n, ọ̀kan fún àbúrò, ọ̀kan fún gbèsè, ó sì ti kọ “ó wọlé” sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan.